Bí Ọdẹ́rìndé Ṣe Ka Ọmọ Iná

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ẹ fa ẹsẹ̀ yín mọ́ra. Ẹ̀yin tí ẹ dúró, ẹ wá ibi fẹ̀yìn tì. Ìtàn yìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo, ọwọ́ pẹ̀lẹ́ sì ni a fi ń gbé ẹrù tó bá wúwo.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a ti kórè iṣu tán, Ọdẹ́rìndé ọdẹ jókòó sábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ ní ìlú Òkè-Àgbọn, àwọn ènìyàn sì yí i ká bí adìyẹ ti ń yí ẹni tí ń da àgbàdo ká. Ó ti di arúgbó nígbà náà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ní àpá iná láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, kò sì tí ì sọ ohun tó jó o fún ẹnikẹ́ni rí. Adéọ̀tí ẹlẹ́mu, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló bi í léèrè.

"Bàbá Ọdẹ," ó ní, "ṣé iná ìbọn ló jó yín ni, àbí ìyá ilé ló da ọbẹ̀ gbígbóná lù yín?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́rìndé kò bínú.

"Adéọ̀tí, ìwọ tí agbọ́n kan ṣoṣo lé sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ lánàá, ìwọ lo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin? Èmi tí ẹkùn bá rí, tí yóò bì sẹ́yìn kí n lè kọjá! Èmi àti erin ti gbá ara wa mú rí, a jọ ṣubú ni, erin ló sì kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó jó mi yìí, n kò bá a jà. Ńṣe ni mo lọ bẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀rín náà dákẹ́. Bí ó ti ròyìn rẹ̀ fún wọn nìyí.

Ní ọdún tí irun Ọdẹ́rìndé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu ewú, ọyẹ́ kan wọ Òkè-Àgbọn. Ọyẹ́ a máa dé, a sì máa lọ. Èyí dé, kò lọ mọ́. Igi ń jó, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ kò móoru. Bí ènìyàn bá na ọwọ́ sí ààrò, á dà bí ẹni tó na ọwọ́ sí odò. Àwọn àgbà bo aṣọ mọ́ra, wọ́n fara dà á, ṣùgbọ́n òtútù náà wọ inú egungun Bánjókòó, ọmọbìnrin Ọdẹ́rìndé, ó sì kọ̀ láti jáde. Ọmọ ọdún méje ni. Ètè rẹ̀ dúdú, èékánná rẹ̀ funfun. Òun nìkan ló kù fún Ọdẹ́rìndé àti Àbẹ̀jẹ́ ìyàwó rẹ̀. Àwọn tí wọ́n bí ṣáájú rẹ̀ ti sùn sí ẹ̀yìnkùlé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Àbẹ̀jẹ́ gbé ọmọ náà sí àyà, ó sì wo ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Bánjókòó, ẹ ti pa ẹran fún ọba, ẹ ti pa ẹran fún àlejò. Ẹ lọ wá iná fún ọmọ yín."

"Iná wo, Àbẹ̀jẹ́? Èyí tó wà kò móoru."

"Ẹ̀yin ọdẹ lẹ máa ń sọ pé ìlú iwin kan wà lẹ́yìn igbó, tí wọ́n mú ọmọ oòrùn sínú ọgbà. Wọ́n ní òkúta tí iná náà bá yá fún odindi ọjọ́ kan, kì í tutù mọ́ láéláé. Ọ̀kan péré ni mo fẹ́. Èmi á máa fi àyà mi yá a títí ẹ ó fi dé. Ṣùgbọ́n ẹ má pẹ́. Àyà mi náà ti ń tutù."

Ọdẹ́rìndé mú ìbọn, ó mú àpò, ó wọ igbó lọ.

Ẹni àkọ́kọ́ tó pàdé ni oníbodè igbó náà, iwin olórí méjì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Orí-Kan-Kò-Tó. Orí méjèèjì kì í fi ohùn ṣọ̀kan lórí ohunkóhun.

"Ènìyàn ni," orí ọ̀tún wí. "Òórùn èéfín ń jáde lára rẹ̀."

"Ewúrẹ́ ni," orí òsì wí. "Wo irùngbọ̀n rẹ̀."

"Ewúrẹ́ kì í gbé ìbọn."

"Ṣé o ti bi gbogbo ewúrẹ́ ayé léèrè ni?"

Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà méjì tí ẹ ń jẹun sínú ikùn kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n kọjá."

"Ó mọ ẹ̀kọ́ ilé," orí ọ̀tún wí.

"Ìpọ́nni lásán ni," orí òsì wí. "Ìwọ ewúrẹ́, dáhùn èyí: kí ni ohun tí a ń dì mú ṣinṣin, tí ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn?"

Ọdẹ́rìndé ronú títí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àlọ́ ló ti já rí ní ìdí ààrò àwọn àgbà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wá sí i lọ́kàn àfi ètè Bánjókòó.

"Ẹ̀mí ọmọ tí ń ṣàìsàn," ó wí.

Orí méjèèjì wo ara wọn. "Ìdáhùn tiwa kọ́ nìyẹn," orí ọ̀tún wí jẹ́jẹ́. "Iná tó wà ní iwájú ni ìdáhùn tiwa."

"Ṣùgbọ́n jẹ́ kó máa lọ," orí òsì wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnu wọn kò láti ọjọ́ tí a ti dá wọn.

Lẹ́yìn igbó náà ni Pápá Eérú. Àwọn ènìyàn dúró níbẹ̀ tí ojú kò lè ká wọn tán, tí wọ́n jẹ́ kìkì eérú, ìkọ̀ọ̀kan na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan. Àwọn tí ọmọ oòrùn ti jó láti ìran dé ìran ni. Wọn kò lè rìn, wọn kò sì mọ ọ̀rọ̀ mìíràn ju ẹyọ kan lọ. Bí Ọdẹ́rìndé ti ń kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ ọ́ sí i létí: "Ó kù díẹ̀." Arúgbó ń sọ ọ́. Ọ̀dọ́ ń sọ ọ́. "Ó kù díẹ̀." Ẹni tó bá dá wọn lóhùn, ibẹ̀ ni yóò dúró sí, tí yóò di eérú. Ọdẹ́rìndé di ewé sẹ́nu, ó rìn ín fún ọjọ́ méjì láìsọ̀rọ̀.

"Ọjọ́ méjì láìsọ̀rọ̀!" Adéọ̀tí pariwo. "Èmi ì bá ti kú!"

"Ọjọ́ kìíní pàápàá ìwọ kò ní í yè é," Ọdẹ́rìndé dá a lóhùn, ó sì ń bá ìtàn rẹ̀ lọ.

Ó dé ìlú náà. Òrùka ńlá kan ló wà láàárín rẹ̀, ó ga bí ọ̀pẹ, ó fẹ̀ bí ọjà. Nínú òrùka náà ni ọmọ oòrùn máa ń sáré yípo, tí kì í kan ògiri níbì kankan, nítorí pé wọ́n to òkúta òòfà yí i ká, àwọn òkúta náà a sì máa tì í láti ìhín àti láti ọ̀hún, bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń fi èémí gbé ìyẹ́ adìyẹ kan sókè kí ó má baà balẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Ọdẹ́rìndé dé, òkùnkùn ló wà nínú òrùka náà. Iná ti kú.

Obìnrin gíga kan tí ìka mọ́kànlá wà ní ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló gbà á lálejò. Aṣírò-Má-Ṣì ni wọ́n ń pè é, òun sì ni olórí gbogbo oníṣirò ìlú náà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọdẹ́rìndé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ọmọ ayé, n kò ní òkúta tí mo lè fún ọ. Iná wa kò tí ì gbé odindi ọjọ́ kan rí."

"Kí ló ń ṣe é, Ìyá?"

"Kò fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́. A máa lọ́ bí ejò, a máa wú bí ikùn aboyún, ibi tó bá ti wú ló sì ń bẹ́ sí. Bí ó bá kan ògiri, ògiri á yọ́, òun náà á kú. Oṣù mẹ́fà la fi ń bí i padà. Èyí tí a ń bí lọ́wọ́ yóò jí ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ẹ kò lè fi òkúta tì í níbi tó bá ti wú?"

"Kí ojú tó rí i pé ó wú, ó ti bẹ́. Iná yára ju ojú lọ. Ìṣirò nìkan ló lè lọ síwájú rẹ̀."

Ó mú un lọ wo àwọn oníṣirò. Igba ìjókòó ló wà fún wọn, wọ́n jókòó yí òrùka náà ká, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwo iyanrìn ní iwájú rẹ̀ àti ihò kékeré kan tó fi ń wo ibi tirẹ̀ lára iná. Iná náà ní àwọn ọmọ tirẹ̀, ẹ̀ta iná kéékèèké tí ń fò lára rẹ̀. Àwọn ará ìlú náà a máa kí wọn bí a ti ń kí ọmọ ènìyàn. Oníṣirò á ka iye ọmọ iná tó wà níwájú rẹ̀, á pè é sí ẹni ọ̀tún àti ẹni òsì, á gba tiwọn, á sì fi òfin ìlú náà ṣe ìṣirò lórí iyanrìn, títí iye náà yóò fi yí òrùka ká. Nígbà náà ni Aṣírò-Má-Ṣì yóò mọ bí iná náà yóò ti rí ní ìṣẹ́jú tó ń bọ̀, tí yóò sì kígbe sí àwọn tí ń ti òkúta.

"Ó dára púpọ̀," Ọdẹ́rìndé wí. "Kí ló wá kù?"

"Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ iná ló wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí a tó kà wọ́n tán, ìṣẹ́jú tó ń bọ̀ ti di èyí tó kọjá. Òtítọ́ ni ìṣirò wa máa ń sọ, ọmọ ayé, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìsìnkú ló máa ń sọ ọ́."

Ọdẹ́rìndé jókòó, ó ronú bí ọdẹ ti ń ronú. Ó ní, "Ìyá, bí òkété bá wà nínú igbó, ẹgbẹ̀rún ewé ló ń mì. Afẹ́fẹ́ ló ń mi ẹgbẹ̀rún, òkété ló ń mi ẹyọ kan. Ọdẹ tó bá ń wo gbogbo ewé, ebi ni yóò pa á. Ẹ má ka gbogbo ọmọ iná mọ́. Àwọn tó ń dàgbà nìkan ni kí ẹ kà. Kí ẹ sì fi òkúta ṣọ́ ibi tí iná ń lọ, kì í ṣe ibi tó wà. Ẹni tó bá ta ọfà sí ibi tí àgbọ̀nrín wà, ilẹ̀ ni yóò pa."

Àwọn oníṣirò kan fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Aṣírò-Má-Ṣì kó ìwé àwọn iná tó ti kú jáde, ó ní kí wọ́n fi ọ̀nà tuntun yìí tún ìṣirò wọn ṣe lórí iyanrìn. Iná mẹ́tàdínlógún ni wọ́n yẹ̀ wò. Nínú gbogbo wọn, ìṣirò náà fi ìka tọ́ka sí ibi tí iná yóò ti bẹ́, kí ó tó bẹ́. Ẹ̀rín kú lẹ́nu wọn.

"Ẹ ò gbọ́ mi bí!" Ọdẹ́rìndé wí fún àwọn tó yí i ká lábẹ́ àtíbàbà. "Èmi tí ọ̀pá ni wọ́n fi lé mi kúrò ní ilé ìwé, èmi ni mo kọ́ iwin ní ìṣirò!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Òun nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn.

Ìjókòó kan ṣófo nínú igba náà, nítorí pé ẹni tó ni ín wà lára àwọn tó dúró sí Pápá Eérú. Òrùka kò sì gbọdọ̀ ní àlàfo. Aṣírò-Má-Ṣì wo ojú Ọdẹ́rìndé, ojú tó lè rí etí ehoro láàárín koríko gbígbẹ, ó sì fi í síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú òkúta kan, tí kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, ó fi í sára ògiri òrùka. "Bí iná bá gbé láti ìgbà tí oòrùn bá là títí tí yóò fi wọ̀, tìrẹ ni."

Lọ́jọ́ tí iná jí, ìlú náà mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji ṣọ̀wọ́n. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń kà, tí wọ́n ń pè, tí wọ́n ń ti òkúta. Iná lọ́, wọ́n ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Iná wú, òkúta ti ń dúró dè é. Ọ̀sán pọ́n. Iná kankan kò dé ọ̀sán rí. Àwọn obìnrin ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ayọ̀, àwọn oníṣirò sì ń pe iye bí ẹni tí ń kọ orin. Ọdẹ́rìndé bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó lọ́kàn bí yóò ti fi òkúta náà sí Bánjókòó lọ́wọ́, àti ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ.

Nígbà tí oòrùn ku ìwọ̀n igi kan kí ó wọ̀, ó tún fojú sí ihò. Mẹ́sàn-án ló ń dàgbà níwájú rẹ̀. Wọ́n kéré, wọ́n ń dán, wọ́n ń fò sókè bí ọmọ tí ń ṣeré nínú òjò. Wọ́n rẹwà lójú rẹ̀. Ó kà wọ́n pé, mẹ́sàn-án ni.

Ẹnu rẹ̀ ní, "Mẹ́jọ."

Ẹni ọ̀tún gba mẹ́jọ. Ẹni òsì gba mẹ́jọ. Àṣìṣe kékeré náà lọ láti àwo sí àwo, ó sì ń tóbi bó ti ń lọ, títí tó fi yí òrùka ká tó dé ọ̀dọ̀ Aṣírò-Má-Ṣì. Ó kígbe sí àwọn tí ń ti òkúta, wọ́n sì ti òkúta sí ibi tí kò sí ewu. Níwájú Ọdẹ́rìndé gan-an ni iná ti wú. Ó rí i. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dá a dúró. Iná bẹ́, ó kan ògiri, ó jó ọwọ́ náà, ó sì kú. Òkùnkùn ṣú bo òrùka náà nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè.

Aṣírò-Má-Ṣì wá bá a níbi tó jókòó sí. Kò pariwo.

"Mélòó lo rí?"

"Mẹ́sàn-án."

"Mélòó lo pè?"

"Mẹ́jọ, Ìyá."

"Kí ló dé?"

Ọdẹ́rìndé wo ihò náà. "Ní ilé wa, a kì í ka ọmọ pé. Ìyàwó mi, bí wọ́n bá bi í pé ọmọ mélòó ló bí, bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, á ní méjì ni. Kí ohun tí ń mú ọmọ lọ lè rò pé òun ti mú ọ̀kan tẹ́lẹ̀, kí ó sì kọjá lọ. A ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí àkọ́bí wa ti kú. N kò mọ̀ pé mo ṣe é. Wọ́n ń ṣeré ni, Ìyá. Wọ́n ń ṣeré."

Obìnrin náà jókòó tì í lórí ilẹ̀. "Nígbà tí a ń ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún," ó wí, "bí ọ̀kan bá sọnù, kò lè pa wá. Ọgbọ́n tí o kọ́ wa dára, a kò sì ní fi í sílẹ̀. Òun náà ló mú kí ọ̀kan tóbi tó báyìí." Ó dìde, ó yọ òkúta kékeré náà lára ògiri, ó fi ewé dì í, ó fún un. "Ó kù díẹ̀ kí ó pé ọjọ́ kan. Yóò móoru fún ọjọ́ mẹ́rin, bóyá márùn-ún. Máa sáré lọ."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọ̀nà ilé. Ọdẹ́rìndé sọ ìbọn rẹ̀ nù kí ara rẹ̀ lè fúyẹ́. Ó fi òkúta náà sí abẹ́ apá, ó sáré. Nígbà tó dé Pápá Eérú, wọ́n tún ń wí pé, "Ó kù díẹ̀," ó sì wù ú láti dá wọn lóhùn, kí ó sì dúró tì wọ́n. Nítorí ọmọ ni kò fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ooru òkúta náà dà bí ti ọwọ́ ènìyàn. Ní ọjọ́ kẹfà, kò mọ̀ mọ́ bóyá òkúta ló ń yá òun ni, tàbí òun ló ń yá òkúta.

Ó bá Bánjókòó lórí ẹní, ní àyà ìyá rẹ̀. Ọmọ náà la ojú.

"Ẹ káàbọ̀, Bàámi. Ṣé ẹ rí i?"

Ọdẹ́rìndé kúnlẹ̀ tì í. Ó tú ewé, ó fi òkúta náà sí i lọ́wọ́. Ó tutù bí òkúta ìsàlẹ̀ odò. Ọmọ náà wo òkúta, ó wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ tó bó, ó wo ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Ó gbóná," ó wí.

Àbẹ̀jẹ́ na ọwọ́, ó fi kan òkúta náà. Ó wo ọkọ rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní, "ó gbóná gan-an ni."

"Bàámi, ẹ wá fi ọwọ́ kàn án, kí ara yín náà lè yá."

Ọdẹ́rìndé fi ọwọ́ kan òkúta, ó sì kan ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tó dì í mú. Nínú méjèèjì, òtútù òkúta náà ló sàn díẹ̀.

Wọ́n sin ín ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹrin, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ọyẹ́ náà sì lọ.

Ibi tí Ọdẹ́rìndé sọ ọ́ dé nìyẹn lábẹ́ àtíbàbà náà. Àwọn ìyá fa ọmọ wọn mọ́ra. Arúgbó náà wò wọ́n láti ojú dé ojú.

"Gbogbo yín mọ̀ pé ọdẹ a máa parọ́," ó wí. "Èmi tí erin bẹ̀! Èmi tí ẹkùn yà lọ́nà fún! Ta ló gbà á gbọ́? Ó yẹ kí ẹnì kan ti dìde báyìí, kí ó ní irọ́ ni, kò sí iná, kò sí ìlú, kò sí ọmọ kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀." Ó yíjú sí ẹlẹ́mu. "Adéọ̀tí, jọ̀ọ́. Pè mí ní òpùrọ́."

Adéọ̀tí ya ẹnu, ó tún pa á dé, ó sì ń wo ilẹ̀.